Ẹni Tí A Kò Kà

Ẹ̀rọ náà tún ti awẹ́ dígí náà padà síta. Ìbíyẹmí fi ìka mú un kí ó tó bọ́ sílẹ̀. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sì tún tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ.

"Ta ló ni ín?" ni ẹ̀rọ béèrè.

Ohùn obìnrin ni wọ́n fún un. Kì í yára, kì í sì í bínú. Ó ti béèrè ọ̀rọ̀ kan náà láti àárọ̀.

Ìbíyẹmí kò dáhùn. Ojú ẹ̀rọ, tó máa ń dúdú ní gbogbo ọjọ́, ti tàn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò pọ̀. Irú kókó: Asáré. Ọmọ ogun ara: mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Olúwa: kò sí.

Iṣẹ́ Ìbíyẹmí ní ilé ìwòsàn Òkè-Ìsádi ni kí ó máa pe orúkọ. Wọn a gé ẹran bíńtín níbi kókó ọmú aláìsàn, wọn a tẹ́ ẹ sórí awẹ́ dígí. Ìbíyẹmí a pe ẹni tó ni ín, orúkọ àbísọ àti orúkọ baba. Olúwa rẹ̀ a dáhùn pé, "Èmi nìyí." Ẹ̀rọ a tọ́jú ohùn méjèèjì bí ẹ̀rí, a sì fi orúkọ náà wá ènìyàn rẹ̀ láàárín gbogbo ará ìlú. Bí ó bá ti ka ọmọ ogun tán, iye náà a lọ tààrà sí ilé ìjọba. Apèorúkọ kì í rí i. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àánú má baà wọ inú iṣẹ́ náà.

Ó rí èyí nítorí pé kò ní olúwa.

Ó mọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Ní àárọ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jókòó lórí àga ìgẹ́ran, ó ń fi àwọn nọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́. Abẹ wọlé, abẹ jáde. Ẹ̀rọ ní kí wọ́n pe olúwa dígí. Ìbíyẹmí la ẹnu, ó ní, "Eyínfúnjowó." Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní, "Èmi nìyí, ìyàwó mi." Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú ẹlòmíràn wọlé.

Orúkọ tí Ìbíyẹmí fún un lọ́jọ́ tó wọ ilé ọkọ nìyẹn, nítorí eyín rẹ̀. Kò pè é ní nǹkan mìíràn rí. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ ní orúkọ àbísọ. Omi ti gba Èkó, ó gba Ẹ̀pẹ́, ó lé gbogbo ènìyàn gun orí àpáta, kò mú ìyẹn kúrò lẹ́nu wọn. Àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ náà kì í ṣe ará ibí. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn. Ẹ̀rọ wá gbogbo ìlú, kò rí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Eyínfúnjowó.

Ìbíyẹmí tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bo ojú ẹ̀rọ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà Ládiméjì ló wọlé, olórí ilé ìwòsàn. Bàbá náà ti dàgbà. Ó ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ kí ẹ̀rọ tó dé, kí òfin ìkàyè náà tó dé.

"Kí ni gèlè ń wá níbẹ̀?"

"Ó ń tàn, Dókítà."

"Ẹ̀rọ yẹn kì í tàn."

"Ó tàn lónìí."

Dókítà gbé etí gèlè náà sókè. Ó kà á. Ó jẹ́ kí ó bọ́ padà sáyè rẹ̀.

"Ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi."

"Èyí tó ń gun òpó afẹ́fẹ́?"

"Òun ni."

Ó fa àga kan, kò sì jókòó sí i. Ó di ẹ̀yìn àga náà mú.

"Mẹ́rin," ni ó wí.

"Ó kéré."

"Ó kéré."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Òkè-Ìsádi. Asáré kò dàbí jẹjẹrẹ ọmú yòókù. Àwọn yòókù ní ibi tí wọ́n fi ń jẹun, oògùn lè dí ibẹ̀. Asáré kò ní. Bí ó bá ti wọ ọmú, ọ̀rọ̀ kan ló kù láti béèrè: ṣé àwọn ọmọ ogun ara, àwọn tó ń bá àìsàn jà, ti wọ inú kókó náà lọ bá a? Bí wọ́n bá kún ibẹ̀, aláìsàn náà a sábà pẹ́ láyé. Bí wọ́n bá dúró síta, kì í sábà pẹ́. Òfin fa ìlà sí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá dé ọgbọ̀n, wọn a so okùn àwọ̀ ewé mọ́ ọn lọ́wọ́, wọn a sì fún un ní ajígun, oògùn tó ń jí àwọn ọmọ ogun náà sójú ìjà. Ẹni tí kò bá dé e, wọn a so okùn funfun mọ́ ọn lọ́wọ́, wọn a fún un ní oògùn ìrora, wọn a sì ní kí ó máa lọ sílé.

"Ẹ ti sọ fún mi rí," ni Ìbíyẹmí wí, "pé àwọn kan wà tí tiwọn kò dé ọgbọ̀n tí wọn kò kú."

"Mo sọ ọ́. Wọ́n wà."

"Wọ́n pọ̀?"

"Wọn kò pọ̀." Ó wo fèrèsé. "Iye yẹn kì í ṣe ikú, Ìbíyẹmí. Ó dà bí ojú ọ̀run. O rí i tó ṣú, o ní òjò máa rọ̀. O sábà máa ń gbà á. Ọjọ́ mìíràn, kò ní rọ̀."

"Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Bí oògùn bá tó, kò sí ẹni tó máa ṣe òfin."

"Igo mélòó ló kù?"

"Ẹyọ kan. Ẹyẹ irin tó ń gbé e wá kò lè fò mọ́ títí òjò máa fi dá."

"Ta ló kàn?"

"Tíṣà àwọn ará ìsàlẹ̀ nì. Ṣìjúadé. Ọgọ́ta ni tirẹ̀."

Ìbíyẹmí wo gèlè tó bo ojú ẹ̀rọ.

"Ẹni tí a kò kà ńkọ́, Dókítà?"

"O mọ ìyẹn."

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Dókítà wo ilẹ̀kùn.

"Ẹni tí a kò kà, a kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Iwájú ló ń lọ."

Ọdún tí ẹ̀rọ dákẹ́ ni wọ́n ṣe òfin yẹn. Àwọn ènìyàn kú sórí ìlà lọ́dún náà, níbi tí wọ́n ti ń dúró kí wọ́n kà wọ́n.

"Bí o kò bá pe orúkọ rẹ̀ kí fèrè ọ̀sán tó dún," ni Dókítà ń bá a lọ, "ẹ̀rọ á fọ ẹnu rẹ̀. Dígí tí kò ní olúwa, iná ló ń lọ. A kò sì lè gé e mọ́ títí oṣù mẹ́ta. Ẹni tí a kò kà ni. Igo di tirẹ̀."

"Bí mo bá pè é?"

"Okùn funfun."

"Ẹlòmíràn kò lè bá mi pè é?"

"Ohùn ẹni tó dúró nídìí gígé nìkan ló ń gbà."

"Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Èmi? Mi ò wọ yàrá yìí lónìí."

Ó ti àga náà padà sáyè rẹ̀. Ó jáde. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ìbíyẹmí dúró. Ẹ̀rọ béèrè, "Ta ló ni ín?" Ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àwọn obìnrin méjì ló kù lórí bẹ́ǹṣì. Eyínfúnjowó ń fi ọ̀bẹ tó fi ń gé wáyà bó ọsàn. Obìnrin gíga ni, ọwọ́ rẹ̀ le, oòrùn orí òkè ti sun ún dúdú. Àwọn òpó gíga tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná fún ìlú, òun ló ń gùn wọ́n láti tún abẹ̀bẹ̀ wọn ṣe. Ó pín ọsàn náà sí méjì, ó fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìdajì. Ṣìjúadé tíṣà ni ẹni náà. Kò tíì pé ogójì ọdún. Okùn àwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin tíṣà," ni Eyínfúnjowó ń wí, "ohun tí ẹ kò tíì kọ́ ọmọ ni ẹ ó nà án fún pé kò mọ̀."

"A kì í nà wọ́n mọ́, màmá. Òfin ti fagi lé e."

"Òun ló fà á tí wọn kò fi mọ nǹkan kan. Ọ̀kan wá síbi iṣẹ́ wa lánàá, ó ní kí n fi ibi tí wọ́n ń kó afẹ́fẹ́ pa mọ́ sí han òun."

"Kí ni ẹ sọ fún un?"

"Mo fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn án."

Ṣìjúadé rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ di àyà rẹ̀ mú bó ti ń rẹ́rìn-ín, apá òsì. Ìgbà náà ni wọ́n rí Ìbíyẹmí.

"Ìyàwó mi dé," ni Eyínfúnjowó wí. "Gèlè rẹ dà? Ṣé ẹ̀rọ ti gbà á lọ́wọ́ rẹ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọlé."

"Tíṣà, o gbọ́? Ó ń pàṣẹ fún ọkọ rẹ̀."

"Ẹ máa lọ, màmá. Màá bá yín tọ́jú ọsàn yín."

"Tọ́jú ẹ̀. Mi ò ní kí o bá mi jẹ ẹ́."

Ó dìde, ó tẹ̀ lé Ìbíyẹmí. Ìrìn rẹ̀ kò tíì yí padà. Ẹni tí kò bá mọ̀, kò lè sọ pé ó ń ṣàìsàn.

Ìbíyẹmí ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí gèlè kúrò lójú ẹ̀rọ.

Eyínfúnjowó kà á. Ó tún un kà.

"Tèmi nìyí?"

"Tiyín ni."

"Mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Níbo ni àwọn yòókù sá lọ?"

"Kò sí èyí tó sá. Ààyè tí wọ́n gbà nínú kókó náà ni wọ́n ń kà. Bí a bá pín ibẹ̀ sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ọ̀nà mẹ́rin péré ni wọ́n wà. Ìyókù wà káàkiri ara yín. Wọn kò kàn wọ ibẹ̀ ni."

"Ọ̀lẹ ni wọ́n."

"Wọn kò mọ̀ pé ọ̀tá ló wà níbẹ̀."

"Ọ̀lẹ náà ni." Ó tọ́ka sí ìlà tó kẹ́yìn. "Kí ló dé tí wọ́n ní kò ní olúwa?"

Ìbíyẹmí sọ fún un. Ó sọ ti orúkọ tó pè láàárọ̀. Ó sọ ti fèrè ọ̀sán, ti iná, ti ẹni tí a kò kà. Kò fi ohunkóhun pa mọ́, àfi ọ̀rọ̀ igo.

Eyínfúnjowó kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ṣàlàyé fún lẹ́ẹ̀mejì.

"Nítorí náà, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé èmi ni."

"Kò mọ̀."

"Bí o kò bá sọ fún un, kò ní mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó jókòó sórí àga ìgẹ́ran. Ó gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sí ẹsẹ̀.

"Ó dáa. Má sọ fún un. Láti ọjọ́ tí o ti wọlé wa, o kò pe orúkọ mi rí. Kí ni yóò wá mú ọ bẹ̀rẹ̀ lónìí?"

"Oògùn yẹn kò ní ṣe yín lóore."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo ti ṣiṣẹ́ ní yàrá ajígun. Ẹ mọ̀. Kí n tó máa pe orúkọ."

"Sọ ohun tí o rí."

Ìbíyẹmí fara ti ògiri. Ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Kókó náà máa ń bojú. Bí ọmọ ogun bá kọjá, á ní, 'Ọ̀kan lára yín ni mí.' Wọn á fi í sílẹ̀. Ajígun ló ń ṣí ìbòjú yẹn. Bí àwọn ọmọ ogun bá ti yí i ká tẹ́lẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí ńkọ́?"

"Á ṣí i lásán."

"Á ṣí i lásán. Àwọn tó wà lóde á sì ti jí pẹ̀lú ìbínú. Wọn kò mọ ẹni tí wọ́n ń wá. Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n máa dojú kọ. Wọn á dojú kọ ìfun. Mo ti nu ilẹ̀ yàrá yẹn. Mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wá èémí. Rọ́bà á wà lẹ́nu wọn, wọn kò lè dágbére fún ẹnikẹ́ni."

"Gbogbo wọn?"

Ìbíyẹmí kò fẹ́ dáhùn. Ó dáhùn.

"Rárá."

"Àwọn kan yè."

"Díẹ̀."

"Díẹ̀ tó mi. Òpó tí mo gùn lọ́dún tí ìjì jà, àwa tó sọ̀kalẹ̀ láàyè kò pọ̀. Mo wà lára wọn."

"Ẹ gbọ́ mi."

"Mò ń gbọ́ ọ."

"Igo kan ló kù."

Eyínfúnjowó gbójú sókè.

"Ti ta ni?"

"Ti tíṣà."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lóde. Wọ́n gbọ́ ìró àwọn abẹ̀bẹ̀ lórí òkè, wọ́n ń yí. Eyínfúnjowó tẹ́tí sí wọn bí ẹni tó ń tẹ́tí sí èémí ọmọ tó sùn.

"Ìkẹta yẹn ń han," ni ó wí. "Mo ti sọ fún wọn kí wọ́n fi gíríìsì sí i." Lẹ́yìn náà ó ní, "Mélòó ni tirẹ̀?"

"Ọgọ́ta."

"Ọmọ dáadáa. Ó máa yè?"

"Ó ṣeé ṣe. Ó ju tiyín lọ púpọ̀púpọ̀."

"Ṣé ó dájú?"

"Kò sí èyí tó dájú."

"Nígbà náà, kò sí ẹni tó mọ̀. Ìwọ náà kò mọ̀."

"N kò mọ̀."

"O kò mọ̀, o sì fẹ́ pe orúkọ mi."

Eyínfúnjowó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó pa á dé, ó tún ṣí i.

"Nígbà tí àbúrò mi kú," ni ó wí, "àwọn ẹbí ní kí o padà sílé baba rẹ. Wọ́n ní o kò bímọ fún Olúmúyìwá, kí lo tún ń ṣe níbẹ̀? Ta ló dáhùn?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní èmi ni ìyàwó yín. Ẹ ní kí ẹni tó bá fẹ́ lé mi jáde kọ́kọ́ lé yín."

"Mo ti rán ọ létí rí?"

"Ẹ kò rán mi létí rí."

"Mò ń rán ọ létí lónìí."

Ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. "Mo fẹ́ fọ ẹnu. Ta ló ni ín?"

Ìbíyẹmí wo òde láti inú gíláàsì ara ilẹ̀kùn. Ṣìjúadé jókòó bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Ó ti jẹ tirẹ̀ tán. Ìdajì ọsàn tí wọ́n ní kí ó tọ́jú wà lórí itan rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó nítorí eṣinṣin.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ igo nìkan ni, Ìbíyẹmí ì bá ti dákẹ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀, ojú sì tì í. Ì bá jẹ́ kí tíṣà kú, ì bá sì máa kí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tó mọ̀ nípa yàrá yẹn ni kò jẹ́ kí ó lè dákẹ́. Ó ń rí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, tòun ti rọ́bà lẹ́nu, tí kò lè fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sì mọ̀ pé òun lè ṣe àṣìṣe. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ náà nìyí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà lọ́kàn rẹ̀, ìkan kò lé ìkejì jáde.

Ó kúnlẹ̀.

"Dìde," ni Eyínfúnjowó wí.

"Ẹ foríjì mí."

"Ìyàwó, dìde."

Ìbíyẹmí kò dìde. Kò wo ojú rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Ahọ́n rẹ̀ wúwo bí ẹni tó fẹ́ sọ èdè àjèjì.

"Fẹ̀yìntọlá," ni ó wí. "Fẹ̀yìntọlá Akíndùró."

Kò pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbọ́.

"Mo rí Fẹ̀yìntọlá Akíndùró," ni ẹ̀rọ wí. "Kí olúwa dáhùn."

Ó ku ohùn kejì. Bí kò bá dáhùn, ọ̀rọ̀ parí, dígí á lọ síná, igo á di tirẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n.

Fèrè ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ìsàlẹ̀ ìlú. Kì í tètè parí.

"O mọ̀ pé mo lè dákẹ́," ni Eyínfúnjowó wí.

"Mo mọ̀."

"O sì pè é."

"Mo pè é."

"Bàbá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti kú, ẹ̀rọ ẹnubodè nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀." Ó wo orí Ìbíyẹmí, tí kò ní gèlè, tí ewú ti ń yọ níbẹ̀. "Nígbà tí àwọn ẹbí ń bú ọ, o kò fi ìbínú pe orúkọ mi. Lọ́jọ́ tí mo fi ìbínú da ọbẹ̀ rẹ nù, Eyínfúnjowó náà ni o pè mí. Lónìí, o kúnlẹ̀, o sì pè é."

Ìbíyẹmí ṣì kúnlẹ̀.

"Yàrá yẹn burú tó bẹ́ẹ̀."

"Ó burú, ọkọ mi."

Fèrè náà ń lọ sílẹ̀. Eyínfúnjowó pa ọ̀bẹ rẹ̀ dé, ó fi sápò.

"Èmi nìyí," ni ó wí.

Ojú ẹ̀rọ ṣú. Ohun kan dún nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, okùn funfun kan yọ jáde láti ẹ̀gbẹ́, ó so rọ̀. Ìbíyẹmí dìde láti so ó mọ́ ọn lọ́wọ́, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Eyínfúnjowó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn mí."

Ọwọ́ kan ló fi so ó, bí àwọn agunpó ṣe ń ta kókó okùn. Ó fa apá aṣọ rẹ̀ bò ó, ó sì jáde.

Ìbíyẹmí dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ wọn.

"Ẹ̀ẹ́ jẹ ọsàn yín báyìí, màmá?"

"Mú un wá. O kò jẹ nínú rẹ̀?"

"Mi ò jẹ nínú rẹ̀. Ṣé wọ́n ti kà yín?"

"Wọ́n ti kà mí."

"Ó dáa. Mélòó ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ó pọ̀."

"Ẹ kú oríire. A jọ máa wà nínú yàrá kan náà nìyẹn."

"Mo máa ń hanrun. O kò ní lè sùn."

Ṣìjúadé tún rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kan dé ẹnu ọ̀nà òkè, ó pe tíṣà pé kí ó máa bọ̀, pé oògùn rẹ̀ ti jáde nínú yìnyín, kò gbọdọ̀ gbóná. Ṣìjúadé dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Eyínfúnjowó, bí ọmọ ṣe ń kí ìyá. Ó lọ.

Dókítà Ládiméjì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lẹ́yìn ìgbà náà. Ó wo bẹ́ǹṣì, ó wo apá aṣọ Eyínfúnjowó. Ó rí etí okùn náà. Ó kí i, ó sì kọjá.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Ìbíyẹmí bá a níta. Oòrùn ṣì wà lókè. Eyínfúnjowó dúró, ó ń wo òpó kẹta, èyí tó ń han. Ó gbé igo oògùn ìrora tí wọ́n fún un sábẹ́ apá.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," ni Ìbíyẹmí wí.

Kò dáhùn.

"Eyínfúnjowó."

Kò dáhùn.

Ìbíyẹmí kò mọ ohun tí yóò pè é mọ́. Èyí tó mọ́ ọn lẹ́nu kò ṣiṣẹ́ mọ́. Èyí tó ṣiṣẹ́, kò lè pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ní ìwọ̀n tí ìyàwó ilé ń dúró sí.

"Mo ṣì lè gùn ún," ni Eyínfúnjowó wí nígbà tó yá. Òpó ló ń bá sọ̀rọ̀, ó jọ bẹ́ẹ̀. "Lọ́sẹ̀ yìí, mo ṣì lè gùn ún. Wọn kò ní ẹlòmíràn tó mọ ibi tí wọ́n máa fi gíríìsì sí."

"Mo lè di okùn mú nísàlẹ̀."

"O kò mọ̀ ọ́n dì."

"Ẹ kọ́ mi."

Eyínfúnjowó wò ó. Kì í ṣe ojú ìdáríjì. Ojú ẹni tó ń wo irinṣẹ́ tí kò dá a lójú ni.

"Wọ bàtà tó lágbára lọ́la," ni ó wí.

Ó ṣíwájú. Ìbíyẹmí tẹ̀ lé e. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé àwọn ará ìsàlẹ̀ kọjá, àwọn ọmọdé ń pariwo nínú rẹ̀, kò sí tíṣà níbẹ̀. Wọ́n dé ẹnubodè àdúgbò wọn. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ka ojú wọn, ó pe Fẹ̀yìntọlá Akíndùró, ó pe Ìbíyẹmí Akíndùró, ó ṣílẹ̀kùn.

Kò sí ẹlòmíràn tí ó tún ń jẹ́ Akíndùró ní Òkè-Ìsádi. Àwọn méjì náà ló kù.